Ọgọ́rùn-ún Dín Mẹ́wàá

Lálẹ́ ọjọ́ kọkàndínláàádọ́rùn-ún,
Ragnhild gòkè wá láti yàrá ìsàlẹ̀ ilé mi ní Duluth,
ó ní kí n fún òun ní tíì.
Lọ́jọ́ tó dé, Ráńgínì ni ahọ́n mi rí pè,
kò sì tún un ṣe. Orúkọ tó ń jẹ́ nílé mi nìyẹn.

Ẹ̀fúùfù oṣù kọkànlá ń lu fèrèsé,
adágún ń ké bí ẹni tí wọ́n jí ẹrù rẹ̀ kó.

Káfíńtà ni. Erékùṣù kan lókè Norway ni wọ́n bí i sí,
níbi tí oòrùn ti máa ń gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀ nígbà òtútù.
Orí fóònù ló ti kún fọ́ọ̀mù, nínú bọ́ọ̀sì,
ó san owó tí kò ra bàtà,
ilẹ̀ ọjọ́ náà kò tíì ṣú tí wọ́n fi ní kó máa bọ̀.

Èmi Múìbátù, ọmọ Ìwó,
ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tò ní Erékùṣù Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́,
pẹ̀lú ìwé ilẹ̀ bàbá mi, ìwé báńkì, ìwé ìgbéyàwó,
fọ́tò ọmọ tí mo fẹ́ fi sílẹ̀, kí wọ́n lè gbà pé n óò padà.
Ẹni tó wà lẹ́yìn gíláàsì kò ṣí ìkankan wò.
Ẹ̀ẹ̀mejì ló ní rárá.
Lẹ́ẹ̀kẹta ó ní ó dáa,
mi ò sì mọ ohun tó yàtọ̀, àfi bùbá tí mo wọ̀.

Nítorí náà, nígbà tó ní, "Wọn ò jẹ́ kí n dúró,"
inú mi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Kí Ọlọ́run foríjì mí.
Ẹ̀rín náà kò dé ẹnu.

Baba Lindquist, tó ń kan ọkọ̀ onígi létí omi,
wo bó ṣe di ayùn mú, lẹ́ẹ̀kan péré,
ó ní kó wá máa bá òun ṣiṣẹ́.
Òfin ní ẹni tó wá wòran kì í gbé ayùn.
Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ni, kí ọ̀gá kọ̀wé, kó sanwó lọ́yà, kó máa retí.
Tó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ ni, kí yunifásítì pè é,
kó sì fi owó ọdún kan hàn wọ́n.
Èyí tó wù kó mú, Oslo ni yóò ti lọ bẹ̀rẹ̀.
Àádọ́rùn-ún ọjọ́ kì í gùn sí i.

"Ọjọ́ mẹ́wàá péré," ló wí. "Ọkọ̀ tí à ń kàn ku ẹ̀gbẹ́ kan."
Mo sọ fún un pé ní èdè tiwa,
nọ́ḿbà tí wọ́n fún un ti jẹ gbèsè kó tó dé:
ọgọ́rùn-ún ni, wọ́n yọ mẹ́wàá kúrò,
èyí tó ṣẹ́ kù là ń pè ní àádọ́rùn-ún.
Ó ní, "Ta ló wá kó mẹ́wàá yẹn lọ?"
Mo bu tíì kún tirẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá-ńlá rẹ̀ wà ní itẹ́ kan lẹ́yìn ìlú yìí.
Ó lọ kí i lọ́jọ́ Sunday. Òkúta náà ti dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.
Halvor. Àpótí kan àti ikọ́ ló gbé wọkọ̀ wá,
wọ́n bi í lórúkọ, ó dáhùn, ó wọlé.
Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó ti ń sùn síbẹ̀,
ẹnikẹ́ni ò tíì ní kó máa lọ.

Nísàlẹ̀, ọkọ̀ tó kó òkúta irin fọn ìwo.
Afárá gbéra sókè fún un, àwọn mọ́tò dúró.
Mo mọ ìwo yẹn. Ọdún mélòó ni mo fi jókòó sínú mọ́tò,
tí mò ń wo ọkọ̀ ẹlòmíràn bó ṣe ń kọjá?
Mi ò rò pé mo lè wẹ̀yìn
kí n rí Ráńgínì nínú mọ́tò tó tẹ̀ lé tèmi.

Mo dìde, mo tú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì,
mo mú fáìlì aláwọ̀ ewé yẹn jáde,
rọ́bà rẹ̀ ti dẹ̀, òjò Èkó ṣì wà létí rẹ̀.
"Kó gbogbo ìwé rẹ síbẹ̀. Títí kan èyí tí wọn ò béèrè."

Ó ṣí i. Fọ́tò kan ti lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀:
ọmọ mi, ọmọ ọdún márùn-ún, eyín iwájú kan ò sí.
Ó fẹ́ yọ ọ́ fún mi.
"Jẹ́ kó wà níbẹ̀," mo ní.
"Ó mọ bí wọ́n ṣe ń tò."